Táńkì Ìgbọ̀nsẹ̀ Àti Ẹni Tí Ó Fẹ́ Ra Ilé Ní Ìgbèríko Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ti ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

  

A mọ̀ pé yóò ya àwọn mìíràn lẹ́nu pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà láyé, ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni a yàn láti sọ níwájú àwọn ènìyàn pàtàkì bí ẹ̀yin. Ẹ má ṣe bínú sí wa. Ohun tí ojú ń tì wá láti sọ láàrin agbo a máa náni lówó púpọ̀ ní kọ̀rọ̀, bí ó bá sì di pé a kò sọ ọ́, àwọn ọmọ wa ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

Ní ìgbà àtijọ́, inú àwọn ìlú ńlá bíi Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wa máa ń gbé ní ilẹ̀ yìí. Ẹni tí ó bá fa omi ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò ní ìdí láti bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí omi náà ń lọ. Ṣùgbọ́n ní ìsinsìnyí, àwọn ènìyàn wa ń ṣí lọ sí ìgbèríko. Àwọn kan ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ń wá ibi tí ó tòrò. Àwọn kan jẹ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà tí iṣẹ́ gbé lọ síbẹ̀. Àwọn mìíràn fẹ́ ọgbà tí ó gbòòrò, níbi tí àwọn ọmọ yóò ti máa sáré, tí ìyá arúgbó yóò sì ti rí àyè gbin ẹ̀fọ́. Ohun rere ni gbogbo èyí, a sì ń bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nínú ohun tí àlejò kì í rí ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó wà lábẹ́ koríko ni ó léwu jù.

Ìdílé kan wà tí a mọ̀, tí a kò ní dárúkọ. Wọ́n kó owó tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú lé ilé kan ní ìgbèríko. Ilé náà dára, ọgbà rẹ̀ sì tẹ́ rẹrẹ. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n kó dé ibẹ̀ ni àgbẹ̀ kan tí ń sin màlúù wá kan ilẹ̀kùn wọn. Ó sọ fún wọn pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ pé omi tí ń jáde láti inú táńkì wọn ń ṣàn sínú odò kékeré tí màlúù òun ń mu. Ẹni tí ó ta ilé náà ti kó lọ sí òkèèrè. Owó tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ọmọ wọn ni wọ́n kó lé títún táńkì ṣe. Nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí ni a ṣe dìde láti sọ̀rọ̀ lónìí.

OHUN TÍ Ó WÀ LÁBẸ́ ILẸ̀

Ní ìlú ńlá, omi ẹlẹ́gbin láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, balùwẹ̀ àti ilé ìdáná máa ń gba inú ọ̀pá gbogbogbòò lọ sí ibi tí a ti ń wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ní ìgbèríko, ọ̀pọ̀ ilé ni irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ kò dé. Onílé ni ó ń tọ́jú ẹ̀gbin ara rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ tí wọ́n ń gbà ṣe é.

Ọ̀nà kìíní ni táńkì tí a ń pè ní sẹ́pítíìkì. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Donald Cameron, ẹni tí ó jẹ́ olórí àwọn awọnlẹ̀ ìlú Exeter, ni ó sọ irú táńkì yìí di olókìkí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí ọdún 1895. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le láti yé ni. Omi ẹlẹ́gbin wọ inú táńkì, ó sì dúró jẹ́ẹ́. Ohun tí ó wúwo a rì sí ìsàlẹ̀, a di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ọ̀rá àti ìfófó a léfòó sí òkè. Omi àárín a sì ṣàn jáde lọ sínú àwọn ọ̀pá oníhò tí a tẹ́ sórí òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ ọgbà. Láti inú àwọn ọ̀pá wọ̀nyí ni omi ti ń rọra mu wọ ilẹ̀, tí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ sì ń jẹ ẹ̀gbin tí ó kù nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: táńkì nìkan kò lè wẹ omi náà mọ́. Ilẹ̀ ni ó ń parí iṣẹ́ náà. Bí omi bá ti inú táńkì bọ́ sínú odò tààrà, ìdajì iṣẹ́ ni a ṣe.

Ọ̀nà kejì ni ẹ̀rọ tí ń fọ omi ẹlẹ́gbin. Ó jọ táńkì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo iná mànàmáná láti fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi náà, kí àwọn kòkòrò rere lè ṣiṣẹ́ kíákíá. Omi tí ó ń jáde nínú rẹ̀ mọ́ ju ti sẹ́pítíìkì lọ. Ọ̀nà kẹta ni kòtò tí kò ní ojú ìjáde rárá. Ó kàn ń gba ẹ̀gbin pamọ́ ni, ọkọ̀ táńkà ni ó sì gbọ́dọ̀ máa wá fà á gbẹ nígbàkúùgbà tí ó bá kún. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ń ta ilé lè fi orúkọ ọ̀kan pe èkejì, nígbà mìíràn nítorí pé òun pàápàá kò mọ ìyàtọ̀ wọn.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Ní ọjọ́ 1 oṣù Jánúárì ọdún 2015, ìlànà tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England lórí omi ẹlẹ́gbin tí ń jáde láti inú táńkì àti ẹ̀rọ àwọn ilé kéékèèké. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé ìlànà náà kò ní láti gba ìwé àṣẹ. Ẹni tí kò bá lè tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ tọrọ ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Environment Agency, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó omi àti àyíká, tàbí kí ó tún nǹkan rẹ̀ ṣe.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ìlànà náà ni pé táńkì sẹ́pítíìkì kò gbọ́dọ̀ da omi rẹ̀ tààrà sínú odò, ìṣàn omi tàbí kòtò tí omi ń gbà. Wọ́n fún àwọn tí táńkì wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní àyè títí di ọjọ́ 1 oṣù Jánúárì ọdún 2020 láti yí i padà. Ọjọ́ náà ti kọjá tipẹ́. Síbẹ̀, àwọn ilé kan ṣì wà tí wọn kò tíì tún tiwọn ṣe, irú wọn sì lè wà lórí àtẹ lónìí. Ẹni tí ó bá ra irú ilé bẹ́ẹ̀ ti ra wàhálà mọ́ ọn. Ohun tí ó kù fún un láti ṣe ni kí ó so ilé náà mọ́ ọ̀pá gbogbogbòò bí ó bá wà nítòsí, tàbí kí ó tẹ́ ọ̀pá oníhò sínú ilẹ̀, tàbí kí ó fi ẹ̀rọ tí ń fọ omi rọ́pò táńkì. Owó ńlá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbà.

Ìlànà náà tún fi òṣùwọ̀n sí i. Omi tí ń wọ ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju lítà 2,000 lọ lóòjọ́. Omi tí ẹ̀rọ ń dà sínú odò kò gbọ́dọ̀ ju lítà 5,000 lọ. Bí a bá ṣírò lítà 150 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ti máa ń ṣe, lítà 2,000 tó fún ènìyàn mẹ́tàlá. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí omi táńkì bá ń wọ ilẹ̀ ní ibi tí kò tó mítà 50 sí kànga tàbí orísun omi tí ènìyàn ń mu, dandan ni ìwé àṣẹ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí: ohun tí ó wọ ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa lè di ohun tí aládùúgbò wa ń mu.

Bákan náà, òfin di ẹrù ru ẹni tí ń ta ilé. Ó gbọ́dọ̀ sọ fún olùrà, nínú ìwé, pé ilé náà ní táńkì tàbí ẹ̀rọ. Irú èyí tí ó jẹ́. Ibi tí ó wà. Ibi tí omi rẹ̀ ń jáde sí. Àti bí a ti ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí olùrà bá gba kọ́kọ́rọ́, ẹrù náà ti di tirẹ̀. Bí ìjọba bá dé, ọ̀dọ̀ onílé tuntun ni wọn yóò wá, ọ̀rọ̀ náà sì lè dé ilé ẹjọ́.

Ohun tí a sọ yìí jẹ́ ti England. Ní Wales, ènìyàn gbọ́dọ̀ forúkọ táńkì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Natural Resources Wales. Ní Scotland, ọ̀dọ̀ SEPA ni ìforúkọsílẹ̀ wà. Ní Northern Ireland, ìwé ìyọ̀ǹda ni a ń gbà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òfin ibì kan ra ilé ní ibòmíràn.

KÍ A TÓ FỌWỌ́ SÍ ÌWÉ

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìbéèrè kìíní tí a gbọ́dọ̀ bi alágbàtà ilé, kí a tó wo yàrá kan ṣoṣo, ni èyí: Ǹjẹ́ ilé yìí so mọ́ ọ̀pá gbogbogbòò? Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí agbẹjọ́rò wa wádìí rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ omi. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kí a tẹ̀ síwájú pẹ̀lú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí: Irú táńkì wo ni? Ọdún wo ni a rì í? Níbo ni omi rẹ̀ ń lọ? Nígbà wo ni a fà á gbẹ kẹ́yìn, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dà? Ṣé inú ilẹ̀ wa ni gbogbo rẹ̀ wà, àbí ó wọ inú ilẹ̀ aládùúgbò? Ṣé àwa nìkan ni ó wà fún, àbí ilé mìíràn ń lò ó pẹ̀lú wa?

Ìbéèrè méjì tí ó kẹ́yìn wọ̀nyí kì í ṣe ohun kékeré. Bí táńkì bá wà nínú oko ẹlòmíràn, ó yẹ kí ẹ̀tọ́ láti dé ibẹ̀ àti láti tún un ṣe wà nínú ìwé ilé. Bí ilé mẹ́ta bá ń lo táńkì kan, ó yẹ kí àdéhùn wà lórí ẹni tí ń san kín ni. Ọ̀rẹ́ aládùúgbò tí kò ní ìwé, ọjọ́ tí táńkì bá bàjẹ́ ni a óò mọ bí ó ti jinlẹ̀ tó.

Ní ilẹ̀ yìí, olùtajà máa ń dáhùn àwọn ìbéèrè nínú ìwé kan tí a ń pè ní TA6, ọ̀rọ̀ táńkì sì wà nínú rẹ̀. Kí a kà á fúnra wa. Bí a bá rí i tí a kọ "a kò mọ̀" sí ibi tí ó yẹ kí ìdáhùn wà, kí a má ṣe jẹ́ kí agbẹjọ́rò fò ó kọjá.

Lẹ́yìn èyí, kí a fi ojú ara wa wò ó. Kí a rìn yí ọgbà ká. Bí koríko ibì kan bá tutù, tí ó sì dúdú mìnìjọ̀ nígbà ọ̀dà, tí ilẹ̀ ibẹ̀ sì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kí omi táńkì má mu wọ ilẹ̀ mọ́. Kí a gbóòórùn. Kí a fa omi ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí a sì tẹ́tí sílẹ̀ bóyá ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ tàbí ó ń ké gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀ nínú ọ̀pá. Kí a wo kòtò tí ó wà ní ẹ̀yìn ọgbà bóyá ọ̀pá kan ń dà sínú rẹ̀. Kí a wo ọ̀nà pẹ̀lú: ìlànà iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní England fẹ́ kí táńkì wà ní ibi tí kò ju mítà 30 lọ sí ibi tí ọkọ̀ táńkà lè dúró sí, kí ó sì jìnnà tó mítà 7 sí ibi tí ènìyàn ń gbé nínú ilé.

Ṣùgbọ́n ojú wa nìkan kò tó. Ẹni tí ń yẹ ilé wò fún wa kì í sábà ṣí táńkì. Onímọ̀ ọ̀pá ẹlẹ́gbin ni kí a bẹ̀, kí a sì fún un lówó lọ́tọ̀. Kí ó dé kí a tó fa táńkì gbẹ, nítorí pé táńkì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà gbẹ kò lè sọ ìtàn ara rẹ̀. Bí ó bá ṣí i, tí ó rí i pé omi ti ga ju ẹnu ọ̀pá ìjáde lọ, ìdènà wà níwájú. Bí omi bá sì lọ sílẹ̀ ju ẹnu ọ̀pá ìjáde lọ láìjẹ́ pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á, táńkì ń jò. Yóò fi kámẹ́rà wo inú ọ̀pá, yóò sì da omi aláwọ̀ sí i láti mọ ibi tí ó ń jáde sí ní ti tòótọ́, kì í ṣe ibi tí olùtajà rò pé ó ń jáde sí.

Bí ó bá di dandan láti tẹ́ ọ̀pá oníhò tuntun, kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà gbà á. A óò gbẹ́ ihò kékeré, a óò bu omi kún un, a óò sì ka ìṣẹ́jú àáyá tí omi fi ń lọ sílẹ̀. Bí ó bá gba ìṣẹ́jú àáyá 12 títí dé 100 kí omi tó lọ sílẹ̀ ní mìlímítà kan, ilẹ̀ náà dára fún iṣẹ́ yìí. Bí ó bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi yóò ti sá kọjá kí ilẹ̀ tó wẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, amọ̀ ni, kò ní gbà á. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ pọ̀. Iye ènìyàn ni a óò fi sọ iye ìṣẹ́jú àáyá di púpọ̀, lẹ́yìn náà a óò mú ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Fún ènìyàn márùn-ún lórí ilẹ̀ tí ó gba ìṣẹ́jú àáyá 30, a óò rí mítà onígun mẹ́rin 37.5. Bí kòtò ọ̀pá náà bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, gígùn rẹ̀ yóò jẹ́ mítà 62.5. Ó tún gbọ́dọ̀ jìnnà tó mítà 10 sí odò, mítà 15 sí ilé, àti mítà 50 sí kànga. Ẹ rí i báyìí pé ọgbà tí a rò pé ó gbòòrò lè má gba ohun tí òfin ń béèrè.

Bí onímọ̀ bá rí àbùkù, kì í ṣe pé kí a sá. Kí a gba iye owó àtúnṣe lọ́wọ́ oníṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí agbẹjọ́rò sì bá olùtajà sọ ọ́: yálà kí ó tún un ṣe kí a tó sanwó, tàbí kí ó yọ owó náà kúrò nínú owó ilé. Kí a tó fọwọ́ sí ìwé ni agbára wà lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni ó kù.

LẸ́YÌN TÍ A TI RA ILÉ

Kí a máa fa táńkì gbẹ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tàbí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣe é ti wí. Ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba fún kíkó ẹ̀gbin ni kí a pè, kí a sì tọ́jú ìwé rẹ̀, nítorí pé ní ọjọ́ tí àwa náà bá fẹ́ ta ilé, òun ni ẹlẹ́rìí wa.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa lórí ìwà ilé wa. Àwa Yorùbá fẹ́ràn àlejò. Ilé oníyàrá mẹ́ta, ènìyàn márùn-ún ni àwọn onímọ̀ ń ṣírò táńkì rẹ̀ fún. Bí a bá wá ṣe ìsọmọlórúkọ, tí ọgọ́rin ènìyàn jẹ, tí wọ́n mu, tí wọ́n sì lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láti àárọ̀ di òru, omi yóò ti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ jáde lọ sínú ọ̀pá oníhò, yóò sì dí i pa. A kò ní kí ẹ má ṣe àríyá o! Ẹ háyà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alágbèéká fún ọjọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń háyà àga. Epo tí a fi dín àkàrà àti dòdò, ẹ má ṣe dà á sínú síǹkì. Inú ike ni kí ẹ rọ ọ́ sí. Wáìpù tí a fi nu ìdí ọmọ kò gbọ́dọ̀ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bílíìṣì tí ó pọ̀ jù a máa pa àwọn kòkòrò rere tí ń ṣiṣẹ́ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wa ọkọ̀ tàbí gbin igi sórí ibi tí ọ̀pá oníhò wà.

Ọ̀RỌ̀ FÚN ÀWỌN ARÁ ILÉ

Ẹ̀yin ará wa nílé, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Àwọn àgbà inú wa ń rántí ìgbà ṣálángá, àwọn tí ó gbé Èkó sì ń rántí àwọn agbépóò. Lónìí, táńkì àti sọ́kàwéè wà ní ọ̀pọ̀ ilé tuntun ní ìlú wa, kànga sì wà nínú ọgbà kan náà. Ẹ bá wa wọn ìwọ̀n tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì. Òfin Òyìnbó tí a kà fún yín kò dé ilé wa, ṣùgbọ́n onígbáméjì àti ibà táífọ́ọ̀dù kò béèrè òfin kí wọ́n tó wọlé. Ẹni tí ó ń rán owó ilé kíkọ́ sílé láti òkèèrè, kí ó béèrè lọ́wọ́ bírikìlà ibi tí sọ́kàwéè yóò wà, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń béèrè àwọ̀ ọ̀dà ilé. Bí ọgbà kò bá fẹ̀ tó láti jìnnà sí kànga wa, kí a ro ti kànga aládùúgbò pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ará, orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ní ìgbèríko tí a ń kó lọ, ó lè jẹ́ pé ìdílé wa nìkan ni ọmọ Yorùbá tí àwọn ará ibẹ̀ yóò mọ̀. Kí wọ́n mọ̀ wá ní ẹni tí odò ń mọ́ lẹ́yìn ilé rẹ̀. A rọ ẹgbẹ́ wa pé kí ó yan àwọn díẹ̀ nínú wa tí ó mọ̀ nípa òfin àti iṣẹ́ ilé, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ra ilé lè tọ̀ wọ́n lọ fún ìmọ̀ràn kí ó tó sanwó, nítorí pé òfin a máa yí padà, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

 Kí Ọlọ́run bùkún ìlú wa, kí ó jẹ́ kí ilé tí a kọ́ àti èyí tí a rà tù wá lára. Àṣẹ.